Ìlú Tí Eyín Àgbìn Ti Ta Gbòǹgbò

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí ìlú òyìnbó, Lọ́ńdọ̀nù ni a sábà máa ń dárúkọ, tàbí Róòmù tí àwọn onígbàgbọ́ ń lọ wò. Ní oṣù yìí, ìlú méjì kan ní orílẹ̀-èdè Swídìn ni mo fẹ́ mú yín dé: Lund àti Göteborg. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọn lè béèrè pé kí ni ó kan obìnrin Ìbàdàn tàbí obìnrin Oǹdó níbẹ̀. Eyín ẹnu wa ni ó kàn wá níbẹ̀. Ní Lund ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí súgà ṣe ń ba eyín jẹ́. Ní Lund kan náà ni ọkùnrin kan ti rí i pé irin kan wà tí egungun ń gbà mọ́ra. Ní Göteborg ni ó ti wá fi irin náà ṣe gbòǹgbò eyín fún ènìyàn, tí eyín náà sì dúró.

Kì í ṣe nítorí eyín ni mo fi kọ́kọ́ gbéra nílé. Ìpàdé kan tí àwa olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ṣe ni ó gbé mi dé Lund ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn, bẹ̀ mí níṣẹ́. Ọlọ́mọ mẹ́rin ni. Akokoro ti gba eyín ẹ̀yìn méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan nígbà tí ó lóyún ọmọ kejì, èkejì lẹ́yìn tí ó bí ọmọ kẹta. Eyín iwájú kan sì kán lókè níbi tí ó ti ń fi ẹnu ṣí ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbi ìsọmọlórúkọ kan. Láti ọdún mẹ́jọ ni ó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ pé a lè gbin eyín tuntun, ó sì ti ń dá owó pamọ́ lọ́dọ̀ alájọ nítorí rẹ̀; ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ ń múra yunifásítì, owó náà sì ń wò ó lójú.

Ohun tí ó sọ fún mi nìyí: "Àbúrò mi, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ò ń lọ yìí. Bá mi wádìí rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni, jẹ́ kí n mọ̀, kí n fi owó mi rán ọmọ níwèé. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí ó lè pẹ́ kalẹ́, jẹ́ kí n mọ̀ pẹ̀lú." Iṣẹ́ yìí ni mo gbé dání lọ.

Pápákọ̀ òfuurufú Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́nmárkì, ni èrò tí ń ti ilẹ̀ wa lọ sí Lund sábà máa ń bọ́ sí. Níbẹ̀ ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí yóò sọdá òkun. Ọkọ̀ náà gba inú ihò tí a gbẹ́ sábẹ́ omi, ó yọ sí orí erékùṣù kékeré kan tí a fi ọwọ́ ṣe, ó wá gun orí afárá kan tí ó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000. Ẹ̀rù ba mi díẹ̀ nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó jókòó tì mí kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìwé wọn. Kò tó wákàtí kan tí a fi dé.

Ìlú kékeré tí ó ti dàgbà ni Lund. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, yunifásítì rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1666. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àárín ìlú ni aago kan wà tí ó ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni àwọn ère kéékèèké máa ń jáde láti inú rẹ̀, tí wọn a sì rìn kọjá níwájú èrò. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó kún gbogbo òpópónà. Mo rí àwọn ìyá tí wọ́n de àpótí onígi mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ wọn, tí wọ́n kó ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà, tí wọ́n sì ń wà á lọ bí ẹni tí kò ru nǹkan kan.

Ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà ni ibi kan wà tí à ń pè ní Vipeholm. Ilé ìwé ni wọ́n ń lò ó fún nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1935, ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ni wọ́n fi ṣí i. Ní àkókò náà, eyín tọmọdé-tàgbà ní Swídìn ń jẹrà, ìjọba sì fẹ́ mọ ohun tí ó fà á. Láti ọdún 1945 lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Vipeholm dán an wò. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe tọ́fì kan tí ó ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ eyín. Wọ́n ń fún àwọn kan ní mẹ́jọ lójúmọ́, wọ́n sì ń fún àwọn mìíràn ní mẹ́rìnlélógún. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́. Eyín ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ohun tí àwọn dókítà náà rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1954, ni pé iye ìgbà tí súgà ń kan eyín lójúmọ́, àti bí ó ṣe pẹ́ tó lára eyín, burú ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ. Àwọn tí wọ́n jẹ súgà pọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìpalára. Àwọn tí wọ́n ń lá tọ́fì láàárín oúnjẹ kan sí èkejì ni akokoro bá jà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí: àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ẹnu a máa sọ súgà di omi kíkan, omi kíkan yìí a sì máa yọ́ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ẹnu wa ni í ṣe àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n itọ́ nílò àkókò. Bí súgà mìíràn bá tún dé kí ó tó parí iṣẹ́, eyín a máa ṣófo sí i títí yóò fi di ihò.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà fún ìgbà díẹ̀. Ìmọ̀ tí a fi ń tọ́jú ẹnu àwọn ọmọ wa lónìí, eyín àwọn tí kò lè sọ pé rárá ni wọ́n fi rà á. Ó yẹ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a má jẹ́ kí ó ṣòfò.

Àwọn ará Swídìn kò jẹ́ kí ó ṣòfò. Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ìlera ti ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n kó súìtì ọmọdé jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, ìyẹn ọjọ́ Sátidé. Àṣà náà ti wọ̀ wọ́n lára. Mo wà nínú ilé ìtajà kan ní ọ̀sán Sátidé, mo sì rí àwọn ọmọ tí wọ́n mú àpò bébà kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n ń ṣa súìtì ọlọ́kan-ò-jọ̀kan sínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀, tí ìyá wọn dúró tì wọ́n láìbínú. Bí ọjọ́ Mọ́ńdè bá dé, wọn kò ní béèrè. Mo ronú kan ọmọ tiwa tí a ń fi bisikíìtì rẹ̀ ẹ́kún lówùúrọ̀, tí a ń fún ní súìtì nínú ọkọ̀, tí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tún fún ní tọ́fì lálẹ́, tí a sì wá ń sọ pé eyín ìran wa ni kò dára.

Ní Lund yìí kan náà, ní ọdún 1952, ọ̀dọ́ dókítà kan tí ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun ẹsẹ̀ ehoro. Ó fi irin kan tí ń jẹ́ titanium ṣe ihò ìwòran kékeré kan, ó sì fi í sínú egungun náà kí ó lè máa fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo inú rẹ̀. Nígbà tí ó parí iṣẹ́, ó fẹ́ yọ irin náà kí ó lè tún un lò, nítorí ó wọ́n. Kò ṣeé yọ. Egungun ehoro ti hù yí i ká, ó ti gbà á mọ́ra bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ì bá bínú nítorí irin tí ó ṣòfò. Ó mú Brånemark bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé, bí egungun ehoro bá lè gba irin yìí, egungun àgbọ̀n ènìyàn ńkọ́?

Ìrònú yìí ni ó gbé lọ sí Göteborg, èmi náà sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin láti Lund kò tó wákàtí mẹ́ta. Oko àlìkámà tí wọ́n ti kórè wà lọ́tùn-ún lósì, òkun a sì máa yọjú lápá òsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Göteborg ni ìlú tí ó tóbi ṣèkejì ní Swídìn. Ọba Gustav Adolf ni ó fún un ní àṣẹ ìdásílẹ̀ ní ọdún 1621, àwọn ará Họ́láǹdì ni ó sì bá wọn gbẹ́ àwọn odò kéékèèké tí ó la àárín ìlú kọjá. Ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, tí wọ́n ń pè ní tíráàmù, ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ọkọ̀ àti ènìyàn. Ọjà ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1874; ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn fi jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ẹja. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àtúnṣe fún ọdún mélòó kan, ọdún 2024 ni wọ́n sì tún un ṣí. Edé àti ẹja tútù ni wọ́n tò sórí yìnyín níbẹ̀, ibi gbogbo mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pè yín wá rajà bí àwọn ẹlẹ́ja tiwa ṣe ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì eyín kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó gbà mí sílé. Ìyá rẹ̀, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, pẹlẹbẹ ni, ó sì le bí ẹ̀kúfọ́ ìkòkò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà yìí gbé e, ó fi eyín ṣẹ́ ẹ, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ilé ìdáná. Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Ó rẹ́rìn-ín, kò fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì fi ìka tọ́ka sí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi pé eyín àgbìn ni wọ́n, pé wọ́n ti wà ní ẹnu rẹ̀ láti ọdún 1991.

Lẹ́yìn oúnjẹ, nọ́ọ̀sì náà mú mi gun òkè kékeré tí ilé ìwòsàn Sahlgrenska àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Göteborg wà. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ìtàn náà fún mi. Ní ọdún 1965 ni Brånemark kọ́kọ́ gbin eyín fún ènìyàn ní ìlú yìí. Ọkùnrin kan ni, tí a bí pẹ̀lú àbùkù ní àgbọ̀n, tí kò ní eyín kankan nísàlẹ̀, tí jíjẹ àti sísọ̀rọ̀ sì ń ni lára. Gbòǹgbò titanium mẹ́rin ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ó fi eyín náà jẹun fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ní ọdún 2006 tí ó kú, wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ eyín ní Swídìn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní irin kankan kò lè bá egungun gbé. Ọdún 1977 ni àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ tó fi ọwọ́ sí i, ọdún 1982 ni wọ́n sì ṣe ìpàdé kan ní ìlú Toronto, ní Kánádà, tí ó mú kí àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà á. Brånemark kú ní Göteborg ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ó jẹ́ ẹni ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́rùn-ún.

Mo wá béèrè àwọn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn wọn hàn yín, nítorí wọ́n wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò rẹ̀.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní implant jẹ́ gbòǹgbò kékeré tí a fi titanium ṣe, ó jọ ìṣó tí à ń lọ́ wọlé. Dókítà yóò kọ́kọ́ ya àwòrán egungun àgbọ̀n láti mọ̀ bóyá ó nípọn tó. Yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora, yóò la ẹran ìdí eyín díẹ̀, yóò sì lọ́ irin náà sínú egungun. Lẹ́yìn èyí ni ìdúró. Egungun nílò nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, àti bí oṣù mẹ́fà ní àgbọ̀n òkè, láti gbá irin náà mú ṣinṣin. Àwọn ìgbà kan wà tí dókítà lè dé eyín lé e kíákíá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó yẹ fún. Bí irin bá ti dúró, wọn yóò fi ọ̀pá kékeré kan sí orí rẹ̀, wọn yóò sì fi eyín tí ó jọ ti ẹni náà dé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá eyín tí yóò fi ya fọ́tò ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kò wá a síbí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yẹ fún. A kì í ṣe é fún ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tí àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Aláboyún yóò dúró títí yóò fi sọ̀. Ẹni tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ kápá rẹ̀ ná, ẹni tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ṣọyún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìtọ́jú, ẹni tí ń mu sìgá sì mọ̀ pé ìgbìn náà lè má dúró. Akokoro kò lè jẹ eyín àgbìn, ṣùgbọ́n bí a kò bá fọ ìdí rẹ̀, ẹran tí ó yí i ká lè kẹ̀, egungun lè jẹ kúrò lára rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì já. Ìyá àgbà oníbúrẹ́dì yẹn ń fọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń lọ fi í han dókítà lọ́dọọdún.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ní ilẹ̀ wa, eyín àgbìn kan ṣoṣo lè gba owó oṣù mélòó kan lọ́wọ́ olùkọ́. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá wà tí à ń yọ lálẹ́, tí à ń fọ̀ tí à ń rẹ sínú omi. Ó ń ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n egungun abẹ́ rẹ̀ a máa fẹ́lẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, eyín náà a sì máa mì. Eyín afárá náà wà, tí a ń so mọ́ eyín méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo; kò nílò iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń rẹ́ lára eyín méjèèjì náà kí ó tó wọ̀. Ohun tí eyín àgbìn fi ta wọ́n yọ ni pé ó dá dúró, kò fi ara ti ẹnì kankan, ó sì ń fún egungun níṣẹ́ ṣe kí ó má baà fẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan, ó ń ran aṣọ lọ. Ó bi mí pé, "Ṣé ó di dandan kí n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà?" Mo ní kò di dandan. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ṣírò owó rẹ̀ lórí bébà tí ó fi ń gé àwòṣe, ó sì pinnu pé eyín iwájú ni òun yóò ṣe, kí owó yòókù lè tẹ̀lé ọmọ lọ sí yunifásítì. A béèrè dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, nítorí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó kàn mọ bí a ti ń yọ eyín. Dókítà náà kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wo ẹran ìdí eyín rẹ̀ sàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n gbin irin náà. Ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n dé eyín lé e. Bí ó ti ń jáde ní ilé ìwòsàn, ó ra àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi eyín iwájú gé ohun líle, nítorí náà ó ń fi ọwọ́ yín in jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá obìnrin alágbàdo ṣàwàdà, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i lójú.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò yí padà: kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ó sì lè pẹ́ kalẹ́. Ṣùgbọ́n eyín méjì tí ó wà lẹ́yìn ṣì jẹ́ àlàfo, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ṣeé gbà là bí a bá ti tètè mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ilé kalẹ̀ mú ẹ̀kọ́ Lund ṣáájú ti Göteborg.

Bí ẹ bá lóyún, ẹ má gbà fún ẹni tí ó bá sọ pé ọmọ inú ni í fa agbára eyín ìyá rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àyípadà ara oyún a máa mú kí ẹran ìdí eyín wú, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà eyín. Kò sí ewu nínú kí a fọ eyín mọ́ fún aláboyún. Bí èébì bá ń gbé yín lówùúrọ̀, ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ sì dúró tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó fọ eyín, nítorí omi kíkan inú èébì ti mú kí ara eyín rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí eyín ọmọ bá ti yọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride, kí ó má ju hóró ìrẹsì kan lọ. Bí ó bá pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ lè fi í sí ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sùn pẹ̀lú ìgò ohun dídùn lẹ́nu. Orin ata àti pákò tí ìyá wa fi lé wa lọ́wọ́ dára, kí a má pa á tì, ṣùgbọ́n kí a lo ọṣẹ oní-fluoride pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan fún súìtì. Ẹ má sì fi eyín ṣí ìgò tàbí já òwú níṣojú ọmọ, nítorí ohun tí ó bá rí ni yóò ṣe.

Ogún ni eyín wàrà ọmọ. Bí wọ́n bá ká, ẹ jẹ́ kí ó ju wọ́n sórí òrùlé bí àwa náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú, tí eyín àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sì ká bọ́ sílẹ̀ odidi, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi ọwọ́ mú un níbi tí ó funfun, ẹ má fi ọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá ti dọ̀tí, ẹ fi omi ṣàn án díẹ̀, ẹ má fi nǹkan ha á. Ẹ dá a padà sí ihò rẹ̀ kí ọmọ sì rọra gé aṣọ mímọ́ mọ́ ẹnu. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ fi í sínú wàrà tútù, kí ẹ sì gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín láàárín wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ láàárín ìdajì wákàtí, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín wàrà nìkan ni a kì í dá padà. Ọ̀pọ̀ eyín ni ó ti tún lẹ̀ báyìí, láìsí titanium, láìsí ìdúró oṣù mẹ́fà.